Bí A Ṣe Ń Gbé Fídíò Sínú PSP, Ẹ̀rọ Géèmù Àfọwọ́mú

Àlàyé tí a fẹ́ ṣe lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ìbéèrè kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bi wá, tí àwọn òbí pàápàá ti ń bi wá: báwo ni a ṣe lè gbé fídíò wólímọ̀ sínú ẹ̀rọ géèmù tí à ń pè ní PSP, kí a lè máa wò ó lọ́wọ́? Àwọn kan rò pé bí a bá ti da fáìlì sínú rẹ̀, ó parí. Wọ́n á dà á síbẹ̀ tán, ẹ̀rọ á ní òun kò mọ̀ ọ́n. Ìdí tí ó fi ń rí bẹ́ẹ̀, àti ọ̀nà àbáyọ rẹ̀, ni a fẹ́ sọ.

KÍ NI PSP?

Ilé-iṣẹ́ Sony ni ó ṣe é. Ó kọ́kọ́ jáde ní Japan ní ọjọ́ 12, oṣù Kejìlá, ọdún 2004. Ó dé Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹta ọdún 2005, ó sì dé Yúróòpù ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Ní ọdún 2014 ni Sony dẹ́kun kíkó o ránṣẹ́ sí ọjà, nítorí náà tòkunbọ̀ ni à ń rí rà nísinsìnyí. Ojú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 4.3 láti igun dé igun. Àwọn àmì tín-ín-tìn-ìn-tín tí ó ń gbé àwòrán jáde lójú rẹ̀ jẹ́ 480 ní ìbú àti 272 ní òró. Káàdì Memory Stick PRO Duo ni à ń kó nǹkan pamọ́ sí nínú rẹ̀. Bí a kò bá rí irú káàdì yìí, páálí kékeré kan wà tí a lè ki microSD bọ̀, tí yóò sì bá ihò náà mu.

ÌDÍ TÍ A FI NÍ LÁTI YÍ FÍDÍÒ PADÀ

Ìdí kìn-ín-ní ni ìkọ̀wé. Bí a bá fi háráfí Lárúbáwá kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sílẹ̀, tí a sì fi A, B, D kọ ọ̀rọ̀ kan náà, ọ̀rọ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ọ̀kan nìkan kò ní lè ka èkejì. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni fídíò rí. AVI, MKV tàbí MP4 tí à ń rí ní ìparí orúkọ fáìlì dà bí èèpo ìwé. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni ọ̀nà tí a gbà kọ àwòrán àti ohùn sínú rẹ̀. Nínú fáìlì MP4, àwòrán tí a kọ ní MPEG-4 Simple Profile tàbí ní H.264, tí a tún ń pè ní AVC, ni PSP lè kà; ohùn rẹ̀ sì ní láti jẹ́ AAC. Nítorí náà, ẹni tí ó kàn pa orúkọ AVI dà sí MP4, èèpo ìwé ni ó pààrọ̀. Ìwé inú rẹ̀ wà bí ó ti wà.

Ìdí kejì ni ìwọ̀n. Ẹ jẹ́ kí a fi wàláà ọmọdé ṣe àpẹẹrẹ. Ojú ewé ìwé ńlá kò lè gba orí rẹ̀ tán, àfi kí á kọ ọ́ ní kékeré. Fídíò tí a yà ní 1920 ní 1080 ní àmì tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 16 èyí tí ó wà lójú PSP. Agbára ẹ̀rọ náà kò gbé e, bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ kò lè fi í hàn.

BÍ A ṢE Ń YÍ I PADÀ

Orí kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ yìí ti ń wáyé. HandBrake àti FFmpeg jẹ́ ètò kọ̀ǹpútà méjì tí a lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́ láti fi ṣe é. Ohun tí a ó yàn nìyí:

1. Èèpo: MP4.
2. Àwòrán: H.264, Main Profile. Kí á má ṣe yan High Profile, nítorí PSP kò gbà á.
3. Ìwọ̀n: 480 ní 272. Bí fídíò bá jẹ́ ti àtijọ́ tí ìbú rẹ̀ kò pọ̀, kí á fi àyè dúdú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Kí á má ṣe nà án, kí ojú àwọn ènìyàn má baà fẹ̀ jù.
4. Iye àwòrán ní ìṣẹ́jú-àáyá kan: kó má kọjá 30.
5. Ohùn: AAC, kílóbíìtì 128.

Báwo ni a ó ṣe mọ àyè tí yóò gbà? Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí a bá fún àwòrán ní kílóbíìtì 768 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, tí ohùn sì gba 128, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 896. Bíìtì 8 ni ó ń jẹ́ báìtì kan, nítorí náà a ó fi 8 pín in, yóò ku kílóbáìtì 112. Wákàtí kan jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 3,600. Bí a bá fi 112 sọ ọ́ di púpọ̀, yóò jẹ́ 403,200, èyí tí í ṣe nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 403. Wólímọ̀ oníwákàtí méjì yóò wọ káàdì gígábáìtì 1, àyè díẹ̀ yóò sì ṣẹ́kù.

BÍ A ṢE Ń GBÉ E WỌLÉ

Èkínní, kí á rí i pé bátìrì PSP kún dáadáa. Ìkejì, kí á fi okùn USB so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Ìkẹta, lórí PSP, kí á lọ sí «Settings», kí á sì yan «USB Connection». Káàdì náà yóò hàn lórí kọ̀ǹpútà. Ìkẹrin, kí á wo inú rẹ̀ bóyá fódà tí ń jẹ́ VIDEO wà. Bí kò bá sí, kí á ṣe é, kí á kọ orúkọ rẹ̀ ní lẹ́tà ńlá. Láti ìgbà ètò 2.80 tí Sony gbé jáde ní ọdún 2006 ni fódà yìí ti ń ṣiṣẹ́. Ìkarùn-ún, kí á da fáìlì sínú rẹ̀, kí á sì sọ fún kọ̀ǹpútà pé a fẹ́ yọ káàdì kí á tó fa okùn yọ. Lẹ́yìn èyí, kí á lọ sí «Video» lórí PSP, kí á yan «Memory Stick». Fídíò wa yóò wà níbẹ̀.

Bí kò bá sí níbẹ̀, fódà ni kí á tún yẹ̀ wò. Bí ó bá wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò ṣí, àwọn ohun márùn-ún tí a kà sókè ni kí á tún wò.

ÌKÌLỌ̀ TÍ Ó ṢE PÀTÀKÌ JÙ

Ohun tí ó mú wa kọ àlàyé yìí gan-an nìyí. Ní ọdún kan, a ya fídíò wólímọ̀ wa. Ààfáà àgbà kan tí ó kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ sọ̀rọ̀ níbẹ̀ fún àwọn ọmọ. A yí fídíò náà padà, a gbé e sínú PSP ọmọ kan, ó sì dára lójú wa. Nígbà tí kọ̀ǹpútà wa kún, a pa ojúlówó rẹ̀ rẹ́, a ní ẹ̀dà wà lọ́wọ́ ọmọ. A kò mọ̀ pé ayédèrú ni káàdì tí wọ́n tà fún un. Wọ́n kọ gígábáìtì 16 sí i lára, ohun tí ó lè gbà kò sì tó bẹ́ẹ̀ rárá. Bí ọmọ náà ṣe ń kó nǹkan mìíràn sínú rẹ̀, ti àtẹ̀yìnwá ń bàjẹ́. Nígbà tí ààfáà náà fi ayé sílẹ̀, tí a wá fídíò náà lọ, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ó ṣí. Ibi tí bàbá ti sọ̀rọ̀ kò ṣí mọ́.

Àṣìṣe ti wa ni. Kò sí olùkọ́ ilé-kéwú tí ó máa ń jẹ́ kí ọmọ fọ wàláà kí ó tó há ohun tí ó wà lórí rẹ̀. Àwa náà fọ wàláà, a kò sì tíì há a.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ ìmọ̀ràn wa. Ẹ̀dà kékeré tí ó wà nínú PSP, fún wíwò ni. A kò lè fi í dá ojúlówó padà, nítorí ohun tí a ti yọ kúrò nígbà tí a fún un pọ̀ ti lọ nìyẹn. Kí á tọ́jú ojúlówó sí ibi méjì ó kéré tán, kí wọ́n má sì jọ wà nínú ilé kan náà. Bí a bá ra káàdì tuntun, kí á kó nǹkan kún un dé ẹnu, kí á sì ṣí gbogbo rẹ̀ wò kí á tó fọkàn tán an. Kí á má ṣe fọwọ́ kan «Format» bí ohun tí a fẹ́ bá wà nínú rẹ̀, nítorí gbogbo rẹ̀ ni yóò lọ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ní fídíò wólímọ̀ ọdún wọ̀nyí nílé, ẹ mú un wá kí a ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ohùn tí a ń wá wà lọ́dọ̀ ẹnì kan nínú yín.