Ẹ má yọ wáyà sípíkà: ọ̀rọ̀ nípa amplifier gìtá àti load box

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ gbé amplifier gìtá kan wá bá mi nílé níbí ní Ẹdẹ. Gìtá ló ń ta ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ń gba orin tirẹ̀ sílẹ̀ nínú yàrá kan ṣoṣo tó háyà. Ẹ mọ irú ilé tí mò ń wí, féèsì-mí-n-féèsì-ẹ. Ó ní, "Prof, ẹ jọ̀ọ́ sà, ìyálọ́mọ wà ní yàrá kejì, iná kì í sì í dé títí di aago méjìlá òru. Ṣé mi ò lè yọ wáyà sípíkà, kí n fa ohùn láti ojú ihò yẹn wọ kọ̀ǹpútà?"

Mo ní, "Má dán an wò o!" Mo pariwo débi pé ìyàwó mi yọjú láti kíṣìnnì.

Ìdí tí mo fi pariwo ni pé èmi fúnra mi ti ṣe é rí. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ olùkọ́ kékeré, mo ní amplifier onívalve kan, irú èyí tó ní gílóòbù kéékèèké bíi ti rédíò àtijọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo fẹ́ wo bí ohùn gìtá ṣe rí lórí oscilloscope. Ọmọ wa àkọ́kọ́ ń sùn, ni mo bá yọ sípíkà kí ariwo má baà jí i. Mo ta gìtá díẹ̀, nǹkan dún "tá!", òórùn jíjó gba inú yàrá. Tíráńsífọ́mà ti lọ. Èmi tí mo kọ́ àwọn èèyàn nípa tíráńsífọ́mà láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an! Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀ka wa.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Nínú amplifier onívalve, volt tí valve fi ń ṣiṣẹ́ máa ń ga, ó lè tó 400 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n iná tó ń ṣàn níbẹ̀ kéré. Sípíkà kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Volt díẹ̀ àti iná tó ń ṣàn dáadáa ló fẹ́. Tíráńsífọ́mà ló dúró láàárín àwọn méjèèjì bí ògbufọ̀. Ẹ wá ronú nípa ẹni tó ń gúnyán. Gbogbo agbára tí ọmọ odó bá gbé wá, iṣu ló ń gbà á. Ẹ kó iṣu kúrò, kí ẹ máa gún odó lófìfo, ẹ ó rí i pé odó á sán. Bí kò bá sí sípíkà, agbára tí kò ríbi lọ á yí padà di volt tó ga fíofío, á fò láti ara wáyà kan sí èkejì nínú tíráńsífọ́mà, á jó ìbòrí wọn.

Load box ni iṣu tí kì í dún. Ó ń gba agbára náà bí sípíkà ṣe ń gbà á, ó ń sọ ọ́ di ooru, ó sì ń bu díẹ̀ nínú rẹ̀ fún wa láti gbà sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo amplifier lọ̀rọ̀ yìí kàn. Púpọ̀ nínú èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa jẹ́ onítransistor. Ìyẹn kò bẹ̀rù kí sípíkà má sí. Kí wáyà sípíkà kan ara wọn ló bẹ̀rù. Ẹ yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ bá rí gílóòbù tó ń pọ́n wẹ́wẹ́, onívalve ni.

Ní ti pé kó fà á wọ kọ̀ǹpútà tààrà, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Watt 50 sínú ohm 8 jẹ́ volt 20. Ohùn tí interface ń retí kò ju nǹkan bíi volt kan lọ. Ẹ̀yin náà ẹ sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí i.

Ó ti ra load box kan ní Èkó, àlòkù, kò kàn mọ ohun tó wà fún ni. A pa amplifier pátápátá kí a tó fọwọ́ kan wáyà kankan. Ihò mẹ́ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀, 4, 8 àti 16 ohm. Ohm 8 ni load box náà, torí náà ihò 8 la lò. Mo yẹ watt rẹ̀ wò, 100 ni, ó dára. Amplifier tí wọ́n kọ 50 sí lára lè ju 50 lọ dáadáa bí wọ́n bá yí fólúùmù rẹ̀ dópin, ooru watt 50 nìkan sì ti tó ti irin tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe fi ń yọ́ òjé. Ẹ má gbé load box sórí tìmùtìmù o.

Ibi tí mo ti rí àṣìṣe ni wáyà. Wáyà gìtá ló fẹ́ fi so amplifier mọ́ load box. Ẹnu wọn bára mu, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìṣàn iná níbẹ̀ jẹ́ ampere 2.5, wáyà inú ti gìtá sì tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Bó bá gbóná tó já lágbedeméjì orin, a ti padà síbi odó òfìfo nìyẹn. Wáyà sípíkà tòótọ́ ni kẹ́ ẹ lò. Láti load box sí interface ni wáyà kékeré ti wúlò. Ihò line ni kẹ́ ẹ kì í sí, kí ẹ sì pa volt 48 tó wà fún makirofóònù.

Nígbà tó kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀, ojú rẹ̀ fà ro. Ó ń kùn bí oyin inú agolo. Sípíkà gìtá oní-ínǹṣì 12 kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé ohùn tó bá ti ga ju 5000 Hz lọ; òun ló ń sẹ́ ìdọ̀tí kúrò lára ohùn, a sì ti yọ ọ́. Ohun tí a fi ń dípò rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè ní impulse response. Bí ẹ bá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan nínú gbọ̀ngàn òfìfo, ìdáhùn gbọ̀ngàn náà á sọ irú ibi tó jẹ́ fún yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe gba ìdáhùn sípíkà sílẹ̀. Nǹkan mìíràn ni pé ohm 8 tí wọ́n kọ sára sípíkà kì í dúró sójú kan. Nítòsí 100 Hz ó lè gòkè ju 30 lọ, ó sì tún ń gòkè nínú ohùn tínrín. Load box tó jẹ́ resistor lásán kì í ṣe bẹ́ẹ̀, amplifier sì mọ ìyàtọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní reactive dára jù, ó sì wọ́n jù.

Mo bi í léèrè bóyá ó tilẹ̀ nílò rẹ̀. Gìtá jùjú, láti ìgbà tí Àyìndé Bákàrè ti fi gìtá oníná sí i ní nǹkan bí 1949 títí dé ọ̀dọ̀ King Sunny Adé tí wọ́n bí nítòsí wa ní Òṣogbo, gaara ló máa ń dún. Fún irú ohùn bẹ́ẹ̀, DI box lè tó. Ẹni tó bá fẹ́ kí valve lọ́ ohùn nítorí pé fólúùmù ti dópin ló nílò load box. Ó ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ lòun. Èmi ò jiyàn. Àǹfààní kan tún wà tí àwọn tó ń ṣe é nílùú òyìnbó kì í rò: kò sí makirofóònù tó ṣí sílẹ̀, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kò lè bá yín kọrin.

Ó ki headphone sétí, ó yí fólúùmù dópin, ó dijú. Ní tiwa, okùn gìtá lásán là ń gbọ́, tín-ín tín-ín. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìyàwó mi tún yọjú, ó ní, "Ṣé ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?"