Owó Sípíkà, Owó Ẹni Tó Mọ̀ Ọ́n Tò

Lóṣù kẹta ọdún 2007, Circuit City, ilé iṣẹ́ tó ń ta tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ orin káàkiri Amẹ́ríkà, dá òṣìṣẹ́ bíi 3,400 dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn ò jalè, wọn ò pa iṣẹ́ jẹ. Ohun tí ilé iṣẹ́ náà sọ ni pé owó tí wọ́n ń gbà ti pọ̀ jù fún iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, ó sì fi àwọn tí owó wọn kéré rọ́pò wọn. Lóṣù kọkànlá 2008, gbèsè gbé e dé ilé ẹjọ́. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta 2009, gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti kógbá sílé. Ọrọ̀ ajé tó dẹnu kọlẹ̀ nígbà yẹn dá kún un o, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó bá lé àwọn tó mọjà jù lọ, kí ló tún kù tó fẹ́ tà ju ẹ̀dínwó lọ?

Àwọn ará Dallas, ní Texas, mọ ìdíje ẹ̀dínwó yìí dáadáa. Owó orí ọjà níbẹ̀ jẹ́ 8.25 nínú ọgọ́rùn-ún, Amazon kì í sì í gbà á lọ́wọ́ ará Texas títí di ọjọ́ kìíní oṣù keje 2012, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ní ilé ìkẹ́rùsí ní Irving, nítòsí Dallas. Nígbà náà, ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ 1,000 dọ́là lè wọ ṣọ́ọ̀bù, kó jókòó, kó gbọ́ orin, kó fi ìbéèrè da òǹtajà láàmú, kó wá lọ sílé lọ rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ti jèrè 82 dọ́là àti àbọ̀ kí ẹ̀dínwó tó dé. Lọ́dún 2010, ìjọba Texas ní kí Amazon san 269 mílíọ̀nù dọ́là owó orí tí kò gbà. Wọ́n parí ìjà náà ní 2012, àǹfààní yẹn sì lọ.

Kí wá ni ṣọ́ọ̀bù tí ọjà rẹ̀ wọ́n ń fúnni? Ẹ wo ẹ̀yìn sípíkà: ojú ibi tí wáyà ń wọ̀ jẹ́ méjì, pupa àti dúdú. Bí onílé bá so wáyà sípíkà kan sódì, tó sì so ti ìkejì dáadáa, orin yóò ṣì máa jáde, ṣùgbọ́n báàsì yóò rọ, bí ẹni pé onígìtá báàsì ti bínú kúrò lórí ìtàgé. Ó lè fi oṣù mẹ́fà bú ẹ̀rọ tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Ẹni tó mọṣẹ́ yóò tún un ṣe láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Òun náà ni yóò sọ pé pálọ̀ tó jẹ́ táìlì nílẹ̀, tí ògiri rẹ̀ ṣófo, nílò kápẹ́ẹ̀tì àti kọ́tìnì kó tó nílò sípíkà tó tóbi sí i.

Ọ̀rọ̀ wọ́rántì náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ orin kì í tún ọjà wọn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ bí kò bá jẹ́ ọwọ́ ẹni tí wọ́n fọwọ́ sí ni wọ́n ti rà á. Ẹ̀rọ tó fi 150 dọ́là pọ́ọ́kú ju ti ṣọ́ọ̀bù lọ lè jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni kò ní dáhùn fún.

Ẹni tó bá ti ra rédíò ní ọjà Alaba, l'Ékòó, kò ní ṣàjèjì sí páálí tí wọ́n kọ PMPO sí, ìyẹn agbára tí wọ́n bù mọ́, tí wáàtì ń lọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Irú àsọdùn bẹ́ẹ̀ ló mú kí FTC, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òwò l'Amẹ́ríkà, gbé òfin kalẹ̀ ní 1974 nípa bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ wọn agbára ańpìlífáyà. Wọ́n tún un ṣe ní 2024. Oníbàárà lè bi òǹtajà bí wọ́n ṣe wọn wáàtì tó wà lára páálí. Bó bá kàn ń rẹ́rìn-ín, a jẹ́ pé òun náà ò mọ̀.

Wáyà nìkan ni kí ẹnikẹ́ni má náwó ńlá sí. Wáyà HDMI olówó pọ́ọ́kú tó bá ń ṣiṣẹ́ kì í gbé àwòrán tàbí ohùn tó burú ju ti olówó ńlá lọ. Òǹtajà sì máa ń jèrè púpọ̀ níbẹ̀.

Àwọn kan wà láàárín ṣọ́ọ̀bù tí ọjà rẹ̀ wọ́n àti ọjà ẹ̀dínwó orí íntánẹ́ẹ̀tì. Crutchfield, tó bẹ̀rẹ̀ ní Virginia ní 1974, ń fi ọjà ránṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn, ẹni tó bá sì rajà níbẹ̀ lè fi fóònù pe àwọn onímọ̀ wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Fún ẹni tó lè so wáyà fúnra rẹ̀, ìyẹn lè tó. Ẹni tó fẹ́ kí sípíkà wọnú àjà, kí wáyà gba inú ògiri, kò sí bí ẹni tó wà ní Virginia ṣe lè bá a gun àkàbà. Ó di dandan kó wá ṣọ́ọ̀bù Dallas tí yóò rán ènìyàn wá, kó sì béèrè iye tí wọ́n máa gbà fún un kó tó sanwó ẹ̀rọ.