Àárẹ̀ tí oorun kò lè wò: bí oúnjẹ ṣe kan àìtó ẹ̀jẹ̀

Ẹni tí iṣẹ́ bá gba okun lára rẹ̀, a máa ń sọ pé àárẹ̀ mú un. Ẹni tí àìsàn bá dá dùbúlẹ̀, a máa ń sọ pé ó ń ṣàárẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Yorùbá lò fún méjèèjì, ọgbọ́n sì wà nínú rẹ̀: bí rírẹni bá ti kọjá ti iṣẹ́, ó yẹ kí a máa fura sí àìsàn.

Àárẹ̀ iṣẹ́ kò le. Ènìyàn á jẹun, á sùn, ilẹ̀ á mọ́, ara á yá. Èyí tó yẹ kó kọni lóminú ni èyí tí kì í gbọ́ ti oorun. Ẹ sùn mọ́jú, ẹ jí, ó ṣì ń rẹ̀ yín. Ẹ gun àtẹ̀gùn díẹ̀, ẹ ti ń mí hẹlẹ. Ẹ dìde lójijì, òòyì kọ́ yín. Ẹlòmíràn tilẹ̀ wà tí yóò ṣàdédé máa rún yìnyín tàbí kó máa jẹ ẹfun.

Ohun tó lè fa irú èyí pọ̀: àtọ̀gbẹ, ibà, àìróorunsùn tàbí ìbànújẹ́ ọkàn. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tó wọ́pọ̀ gan-an láàárín wa, tí oúnjẹ sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Òun ni àìtó ẹ̀jẹ̀. Ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe lórí ìlera àwọn ará Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé nínú 100 obìnrin tó wà láàárín ọdún 15 sí 49, àwọn 58 ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó. Láàárín àwọn ọmọ oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún, 68 nínú 100 ni.

Kí ni irin ń ṣe nínú ẹ̀jẹ̀?

Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ tí a ń mí ni ara fi ń sọ oúnjẹ di agbára, ṣùgbọ́n kò lè dá rìn dé ibi tí wọ́n ti nílò rẹ̀. Hemoglobin, èyí tó mú kí ẹ̀jẹ̀ pọ́n, ló ń gbé e láti inú ẹ̀dọ̀fóóró lọ sí iṣan, ọkàn àti ọpọlọ. Irin sì ni hemoglobin fi ń di ọ́síjìn mú. Irin tí alágbẹ̀dẹ ń rọ náà ni: nǹkan bíi gíráàmù mẹ́ta sí mẹ́rin ló wà nínú àgbàlagbà, ìwọ̀n ìṣó kan péré.

Bí irin yìí bá dín kù, hemoglobin á dín kù. Ọkàn á wá dà bí awakọ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ kéré, tó gbọ́dọ̀ pààrà ọjà léraléra kó tó kó ẹrù tán. Ìdí nìyí tí àyà fi ń sáré, tí iṣẹ́ díẹ̀ sì ń tán ènìyàn lókun. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ yẹn pe obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó.

Obìnrin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, nítorí oṣooṣù ni nǹkan oṣù ń gbé irin jáde lára rẹ̀, oyún àti ìbímọ sì tún ń gba tiwọn. Ìlànà àwọn onímọ̀ oúnjẹ ní Amẹ́ríkà ni pé kí ọkùnrin máa rí mílígíráàmù 8 lóòjọ́, kí obìnrin tó ṣì ń ṣe nǹkan oṣù máa rí 18, kí aláboyún sì máa rí 27.

Tíì àti búrẹ́dì àárọ̀

Oríṣi irin méjì ló wà nínú oúnjẹ. Èyí tó wà nínú ẹran, ẹ̀dọ̀, adìyẹ àti ẹja máa ń wọ ara dáadáa. Ara lè gba bíi 15 sí 35 nínú 100 rẹ̀. Ti ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ọkà kì í tètè wọlé. Ó lè má ju 2 nínú 100 lọ, ó sì lè tó 20. Ohun tí a bá fi bá a jẹ ló máa ń pinnu rẹ̀.

Ní 1999, àwọn onímọ̀ gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí àwọn tí wọ́n fún ní búrẹ́dì pẹ̀lú oríṣiríṣi ohun mímu. Tíì dúdú gé irin tí ara ń rí gbà kù ní ìdá 79 sí 94 nínú 100. Kòkó gé e kù ní ìdá 71. Lọ́dọ̀ wa, tíì ni à ń pe gbogbo ohun gbígbóná inú ife, ì báà jẹ́ ewé tíì, ì báà jẹ́ kòkó, búrẹ́dì ni a sì máa ń fi mu ún. Kò pọn dandan kí a pa tíì tì. Ẹ jẹ́ kó tó wákàtí kan tàbí méjì lẹ́yìn oúnjẹ kí ẹ tó mu ún.

Ọsàn, gúáfà àti ìbẹ́pẹ ń ṣe òdìkejì. Fítámì C inú wọn máa ń ṣí ọ̀nà fún irin inú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, tí a bá jẹ wọ́n pọ̀. Ẹja tàbí ẹran díẹ̀ nínú ẹ̀wà náà ń ran irin ẹ̀wà lọ́wọ́. Rírẹ ẹ̀wà sómi àti jíjẹ́ kí ògì kan dáadáa tún ń dín ohun tó ń di irin mọ́lẹ̀ nínú hóró kù. Iṣẹ́ rere ni àwọn ìyá wa ti ń ṣe nídìí ìkòkò ògì.

Ẹ̀kọ́ tí àwọn aláboyún Bombay kọ́ ayé

Irin nìkan kọ́ ló ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ní nǹkan bí 1930, dókítà ará Ìlú Ọba kan, Lucy Wills, ń wá ìdí tí ẹ̀jẹ̀ fi ń tán lára àwọn aláboyún tálákà ní Bombay, ní Íńdíà, títí kan àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìhunṣọ. Ó fún wọn ní Marmite, ohun dúdú tí wọ́n ń fi ìwúkàrà ọtí bíà ṣe, ara wọn sì yá. Lẹ́yìn náà ni ayé mọ̀ pé folic acid ni wọ́n ṣaláìní. Ní 1941, inú ewé ẹ̀fọ́ ni wọ́n ti yọ ọ́, inú ọ̀rọ̀ Látìn fún ewé ni wọ́n sì ti fa orúkọ rẹ̀ yọ.

Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ùgwú àti ẹ̀wà ní in lára. Ṣùgbọ́n ó máa ń yòrò sínú omi. Bí a bá bọ ẹ̀fọ́ pẹ́, tí a sì fún omi rẹ̀ dànù, ohun tí a tìtorí rẹ̀ ra ẹ̀fọ́ ni a dà sílẹ̀ yẹn. Ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó gé e, ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ lórí iná.

Fítámì B12 ní tirẹ̀ kò sí nínú ewé. Inú ẹran, ẹja, ẹyin àti mílíìkì ló wà, nítorí náà ẹni tí kì í fẹnu kan wọn rárá gbọ́dọ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀.

Màlítì tí a lù pọ̀ mọ́ mílíìkì, tí ọ̀pọ̀ ń mu kí ẹ̀jẹ̀ wọn lè pọ̀ sí i, ńkọ́? Ṣúgà inú rẹ̀ lè fúnni lókun fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dípò irin tí kò sí lára.

Kí ẹ tó ra oògùn ẹ̀jẹ̀

Àyẹ̀wò ni kó ṣáájú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ẹ̀jẹ̀ obìnrin tí kò lóyún kò tó bí hemoglobin rẹ̀ kò bá pé gíráàmù 12 nínú désílítà kan. Ti ọkùnrin, 13. PCV tí wọ́n ń yẹ̀ wò nílé ìwòsàn, ìyẹn ìdá tí sẹ́ẹ̀lì pupa kó nínú 100 ẹ̀jẹ̀, náà ń sọ ohun kan náà. Hemoglobin 12 bá PCV bí 36 mu.

Ó tún yẹ kí a mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ. Ibà ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Aràn kan wà tó ń so mọ́ ìfun, tó ń fa ẹ̀jẹ̀ mu. Ìju inú ilé-ọmọ lè mú kí nǹkan oṣù pọ̀ jù. Bí ọkùnrin tàbí ìyá tó ti kọjá nǹkan oṣù bá ṣaláìní irin, kí dókítà wò ó bóyá inú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Oúnjẹ kò lè mú kí agbè tó ń jò kún.

Àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde kò gbọ́dọ̀ dá lo oògùn irin láìjẹ́ pé dókítà ní kí wọ́n lò ó, nítorí irin lè pọ̀ jù lára wọn. Kí aláboyún gba oògùn tí wọ́n bá fún un nílé ìwòsàn, kó sì lò ó bí wọ́n ṣe ní kó lò ó. Ẹ gbé oògùn náà síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó. Àpọ̀jù rẹ̀ lè pa ọmọ.

Ohun kan ṣẹ́kù tí ilé ìwòsàn kò lè bá wa ṣe. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, ẹran tó tóbi jù ni ti bàálé, ìyá tó sè é sì ń fi ohun tó kù nídìí ìkòkò jẹun. Bẹ́ẹ̀ ara ìyá yìí ló nílò irin ju ìlọ́po méjì ti bàálé lọ. Bí ó bá ń ṣàárẹ̀, ẹ mú un lọ fún àyẹ̀wò, kí ẹ sì bu ẹran sí àwo tirẹ̀ náà.