Lúùfù, ìbátan kókò tó ń hù láàárín àpáta

Bí kókò tútù ṣe ń yúnni, bẹ́ẹ̀ náà ni ìbátan rẹ̀ kan lórí àwọn òkè olókùúta Palẹsitáìnì. Lúùfù ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ní Arum palaestinum. Ó ń ta isu sínú ilẹ̀, òdòdó rẹ̀ pọ́n dúdú, ó sì ń rùn bí èso tó ti kẹ̀ kó lè tan eṣinṣin wá.

Tútù rẹ̀ léwu: ohun tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ a máa gún ẹnu àti ọ̀fun. Àwọn ìyá ibẹ̀ a máa se ewé rẹ̀ jinná dáadáa pẹ̀lú ohun kíkan.

Àwọn kan tún ń lò ó fún jẹjẹrẹ, àmọ́ kò tíì sí ẹ̀rí tó dájú pé ó ń wò ó sàn. Bí wọ́n bá ń tà á fún yín, ẹ kọ́kọ́ bi dókítà.