Kí Baba Tó Tẹ̀ka Sí Ìwé Ilẹ̀

Kò sí ìlú kan ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, láti Òmù-Àrán dé Èsìẹ́, láti Àjàṣẹ́-Ìpo dé Òkè-Òde, tí irú ọ̀ràn yìí kò lè bẹ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Baba arúgbó dolóògbé. A sin ín tán, a jẹ, a mu. Ní ọjọ́ tí ẹbí péjọ láti pín ogún, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ na ìwé síta, ó ní baba ti fi ilé àti oko ta òun lọ́rẹ láti ọdún méjì sẹ́yìn, àmì àtàǹpàkò baba sì nìyí. Àwọn ìyókù figbe ta: ní àkókò tí ó wí yẹn, baba kò mọ orúkọ ọmọ tí ó bí mọ́! Ta ni kí a gbà gbọ́? Ẹni tí ó lè yanjú ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú ilẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀rọ̀ náà kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Ẹ̀yin ni a máa ń ránṣẹ́ pè ní alẹ́ pé kí ẹ wá bá baba kọ nǹkan díẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin aṣáájú ẹgbẹ́ òṣèlú ní àdúgbò gbogbo, ẹ̀yin ni a ń pè ṣe ẹlẹ́rìí, nítorí pé ẹ ní orúkọ. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí a jùmọ̀ wo ohun tí òfin ń béèrè.

Òfin náà ti pẹ́. Ní 1870 ni Adájọ́ Àgbà Cockburn, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá ẹjọ́ Banks àti Goodfellow. Ọkùnrin tí ó ṣe ìwé ìpíngún tí a ń jà lé lórí ti wọ ilé àwọn alárùn ọpọlọ rí. Ó gbà pé ọkùnrin kan tí ó ti kú tipẹ́ ń lépa òun, pé àwọn ẹ̀mí èṣù sì ń yọ òun lẹ́nu. Síbẹ̀ ìwé rẹ̀ dúró! Ìdí rẹ̀ ni pé ìran tí ó ń rí kò kan ohun ìní rẹ̀ rárá: ó mọ ilé tí ó ní, ó mọ ọmọbìnrin ẹbí rẹ̀ tí ó fẹ́ fi í sílẹ̀ fún, ó sì mọ ohun tí òun ń ṣe. Láti ìgbà náà ni àwọn adájọ́, títí kan ti Nàìjíríà, ti ń béèrè pé: ǹjẹ́ ẹni náà mọ̀ pé òun ń fi ohun òun fún ẹlòmíràn? Ǹjẹ́ ó mọ bí ohun náà ti pọ̀ tó? Ǹjẹ́ ó rántí àwọn tí ó yẹ kí wọ́n retí nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀? Ǹjẹ́ àìsàn orí kò ti yí ọkàn rẹ̀ padà sí wọn? Ní 1951, nínú ẹjọ́ Johnson àti Maja, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà là á yé wa pé ẹni tí ó gbé ìwé ìpíngún wá ni yóò kọ́kọ́ fi hàn pé ó dára.

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀bùn tí a fi ọwọ́ ara ẹni ṣe láyé ńkọ́? Ilé ẹjọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù dáhùn ìyẹn ní 1978. Ìyá arúgbó kan tí iyè rẹ̀ ti ra fi ilé kan ṣoṣo tí ó ní fún ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta. Adájọ́ ní bí ẹ̀bùn bá kéré, làákàyè díẹ̀ tó o. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ohun tí ènìyàn ní láyé, òye rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó ti ẹni tí ń ṣe ìwé ìpíngún. Ẹ̀bùn náà fọ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra, kí a má fi ogbó pe wèrè. Baba tí kò mọ̀ bóyá òní jẹ́ ọjọ́ Ajé tàbí ọjọ́ Ìṣẹ́gun lè ka ààlà oko rẹ̀ fún ọ láti etí odò dé ìdí ìrókò, kí ó má fo ẹyọ kan. Òfin tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 2005 lórí ọ̀ràn yìí sọ gbangba pé a kò gbọdọ̀ tìtorí pé ìpinnu ènìyàn kò bọ́gbọ́n mu wí pé kò ní làákàyè. Baba lè fẹ́ràn ọmọ kan ju èkejì lọ. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Àwọn ọmọ mìíràn sì wà tí wọn kì í ti Èkó wá wo baba ní ọdún márùn-ún, tí ó jẹ́ ọjọ́ ìpíngún ni wọ́n ń rántí pé orí rẹ̀ kò pé!

Àwọn ọ̀mọ̀wé wa ní Ìbàdàn ti ṣe gudugudu méje lórí iyè ríra. Láti 1992 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àwọn àgbà wò ní Ìdíkàn, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 fi hàn pé nínú ẹgbẹ̀rún àgbà Ìbàdàn, bí 13 tàbí 14 ni àrùn náà ń mú lọ́dún, nígbà tí ó jẹ́ bí 32 láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wù wá jù nínú iṣẹ́ wọn ni ti igi ìṣáná. Àyẹ̀wò òyìnbó a máa ní kí aláìsàn fi pẹ́ńsù ya àwòrán. Báwo ni ẹni tí kò di pẹ́ńsù mú rí yóò ti ṣe é? Wọ́n fi igi ìṣáná mẹ́rin rọ́pò rẹ̀: kí ìyá tò ó bí wọ́n ti tò ó fún un. Àìmọ̀wé kọ́ ni àìníyè.

Ní ti ilẹ̀ ẹbí, bí iyè baba tilẹ̀ mú bí abẹ, òun nìkan kò lè fi í tọrẹ. Bẹ́ẹ̀ ni òfin Ìsìláàmù, tí ọ̀pọ̀ ìdílé wa ń tẹ̀lé, kò jẹ́ kí ẹni tí àìsàn ikú dá dùbúlẹ̀ fi ju ìdá mẹ́ta ohun ìní rẹ̀ lọ, kò sì jẹ́ kí ó fi fún ẹni tí yóò jogún rẹ̀ láìjẹ́ pé àwọn ajogún yòókù gbà. Láti 1978 ni Òfin Ìlò Ilẹ̀ sì ti ní kí ìjọba ìbílẹ̀ fọwọ́ sí i kí ilẹ̀ oko tó kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Èrò tiwa ni pé ọjọ́ ìtẹ̀ka ni ó yẹ kí a yẹ iyè wò, kì í ṣe ọjọ́ ìpíngún. Láti 1975 ni adájọ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gba àwọn agbẹjọ́rò nímọ̀ràn pé bí ẹni tí ń ṣe ìwé ìpíngún bá ti darúgbó tàbí tí àìsàn ń ṣe é, kí dókítà wà níbẹ̀, kí ó sì kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Kí ọmọ tí yóò gba ẹ̀bùn jáde kúrò nínú yàrá. Kí a fi èdè Ìgbómìnà tí baba ń sọ nínú ilé bá a sọ̀rọ̀. Kí a má bi í pé, "Baba, ṣé ẹ fún Àkànbí ní oko?" Kí a bi í pé, "Baba, kí ni ẹ ní? Ọmọ mélòó ni ẹ bí? Kí ló dé tí ẹ fi yan èyí?" Kí olùkọ́ kọ ìdáhùn náà bí ó ti ti ẹnu rẹ̀ jáde, kí ó ka gbogbo rẹ̀ sí i létí, kí ó kọ orúkọ ara rẹ̀ àti ibi tí ó ń gbé sí ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ó béèrè ohun kan tí "rárá" jẹ́ ìdáhùn rẹ̀, bí ẹni pé, "Baba, ṣé ẹ fẹ́ kí a ta ilé yìí lọ́la, kí ẹ máa sùn níta?" Bí baba bá tún dáhùn pé "bẹ́ẹ̀ ni", kí olùkọ́ ká ìwé rẹ̀, kí ó máa lọ sílé.