ẸBỌ ÀBÁMỌ̀ NÍ ṢÓMÓLÚ: Ẹ MÁ DI GBOGBO LẸ́TÀ YÍN SÍNÚ ÀPÒ KAN!

Gbogbo àgbà ilé pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Òwe yìí ló wá sí mi lẹ́nu lọ́jọ́ tí mo yà lọ́dọ̀ bọ̀dá kan tó ń tẹ káàdì ìnáwó ní Ṣómólú, l'Ékòó. Ṣe ni wọ́n fọwọ́ lẹ́rán. Kí ló dé? Ímeèlì ọdún mẹ́fà ti bómi lọ! Oníbàárà kan ní ọgọ́rùn-ún káàdì lòun ní kí wọ́n tẹ̀, bọ̀dá ní igba ni. Lẹ́tà tó yẹ kó jẹ́rìí ti pòórá.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ètò tó ń bá bọ̀dá gba lẹ́tà sórí kọ̀ǹpútà ń to gbogbo ẹ̀ sínú fáìlì gbọ̀ngbọ̀n kan ṣoṣo, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, bí ẹni da àgbàdo, ẹ̀wà àti gàrí sínú àpò kan náà. Mbox ni wọ́n ń pe irú ìtọ́jú yìí. Bí ẹ bá pa lẹ́tà kan rẹ́, kò tíì kúrò níbẹ̀, àfi bí ètò bá tún gbogbo àpò tò. Ẹnu àtúntò yìí ni wọ́n wà tí iná lọ. Àpò ya!

Èyí tó wá burú jù ni pé, bí lẹ́tà bá ti dórí kọ̀ǹpútà wọn, ṣe ló ń parẹ́ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń gbà á fún wọn. Kò sí ẹ̀dà níbì kankan.

Ọ̀nà kan ò wọjà o! Láàárín àwọn ọdún 1990, D. J. Bernstein, ará Amẹ́ríkà, gbé ọ̀nà mìíràn jáde, Maildir lorúkọ ẹ̀. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní fáìlì tirẹ̀. Yàrá mẹ́ta ló ní: tmp, new àti cur. Inú tmp ni wọ́n ti ń kọ lẹ́tà tó ń wọlé. Ìgbà tó bá pé pérépéré ló tó bọ́ sí new. Bí ètò bá ti rí i, ó di ti cur. Bí iná bá lọ lójijì, èyí tí wọ́n ń kọ lọ́wọ́ nìkan ló lè bá a lọ.

Lóòótọ́, fáìlì wẹ́wẹ́ á pọ̀, kíkó wọn láti ibì kan síbòmíràn á sì pẹ́. Ṣùgbọ́n èwo ló sàn, ká pẹ́ ni àbí ká pàdánù? Thunderbird ní ọ̀nà méjèèjì, àmọ́ mbox ló máa lò bí ẹ ò bá yàn. Lójú tèmi, Maildir ló yẹ kí àwọn tó ń ṣe irú ètò yìí fi lé wa lọ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ má sì sọ pé tiyín wà lọ́dọ̀ Google. Ní oṣù kejì ọdún 2011, àwọn kan ṣí Gmail wọn, òfìfo ni wọ́n bá. Orí téèpù tí Google tọ́jú lọ́tọ̀ ni wọ́n ti kó lẹ́tà wọn padà. Bí Google bá ń fi ẹ̀dà pamọ́, ta ni àwa?

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí lẹ́tà yín wà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń gbà á, kó wà lórí kọ̀ǹpútà yín, kó tún wà lórí fíláàṣì nílé.

Bọ̀dá wa ńkọ́? Oníbàárà san owó ọgọ́rùn-ún, ó lọ. Ọgọ́rùn-ún tó kù wà ní ṣọ́ọ̀bù, orúkọ ìyàwó àti ọkọ ló wà lára wọn. Ta ló fẹ́ rà á?

Bí irú ẹ̀ bá ti ṣe yín rí, ẹ kọ̀wé sí wa.