Ibi tí ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀ ni olè ti ń ṣọ́ yín: bí oníṣòwò ṣe lè dáàbò bo kẹ̀kẹ́ rẹ̀

Kì í ṣe ìgbà tí kẹ̀kẹ́ ń sáré lójú ọ̀nà ni olè ń gbé e. Ìgbà tí ẹni tó ni ín bá sọ̀ kalẹ̀ láti mumi, láti kírun, láti jẹun tàbí láti gbowó lọ́wọ́ oníbàárà ni. Ìṣẹ́jú méjì ti tó. Ẹ̀yin oníṣòwò kéékèèké tí ẹ ń fi kẹ̀kẹ́ ológeere, èyí tí a ń fẹsẹ̀ wà, kó ọjà láti Adégbáyì lọ sí Ẹgbẹ́dá, sí Erúnmu, tàbí tí ẹ ń gba ọ̀nà Ifẹ̀ lọ títí dé Aṣẹ́jíre, ọ̀rọ̀ yín là ń sọ lónìí.

Láyé ìgbà tí kòkó ń mówó wọlé dáadáa, ẹni tó bá ra kẹ̀kẹ́ Raleigh tó ti Ìlú Ọba wá ti di ẹni ńlá lábúlé. Nígbà tí ọ̀kadà gbòde, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló pa kẹ̀kẹ́ tì. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò ti dópin, ìṣirò ti yí padà. Epo tí lítà rẹ̀ kò tó ₦200 nílé epo ìjọba kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ní tirẹ̀ kì í mu epo. Ilé iṣẹ́ Fan Milk, tó wà ní Ẹlẹ́yẹlé n'Ìbàdàn, ti fi hàn wá tipẹ́ pé kẹ̀kẹ́ lè di ṣọ́ọ̀bù: àpótí wàrà dídì lórí rẹ̀, oníbàárà ní gbogbo àdúgbò.

Bí kẹ̀kẹ́ bá ti di ṣọ́ọ̀bù, a jẹ́ pé owó òwò ni. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe ìṣirò. Ká ní kẹ̀kẹ́ àlòkù tí ẹnì kan fi ń ta búrẹ́dì jẹ́ ₦80,000, búrẹ́dì orí rẹ̀ jẹ́ ₦20,000, èrè rẹ̀ lójúmọ́ sì jẹ́ ₦4,000. Bí olè bá gbé e lọ, ₦100,000 ti wọgbó. Bí ó bá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó rí òmíràn rà, tó sì jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́fà ló ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, èrè ọjọ́ 18, ìyẹn ₦72,000, tún ti lọ. Gbogbo rẹ̀ di ₦172,000. A kò tíì ka àwọn oníbàárà tó ti bá ẹlòmíràn lọ. Ẹni tó bá ní owó ṣéènì tó lágbára pọ̀ jù, kó tún ìṣirò yìí wò.

Ibo ló yẹ ká dúró sí?

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Olè ń wá kẹ̀kẹ́ tí a kò so, ibi tó dá, àti ẹni tó jẹ́ pé ibì kan náà ló ń dúró sí ní àsìkò kan náà lójoojúmọ́.

Àwọn kan gbà pé bí èrò bá ti pọ̀, kò séwu. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín èrò ọjà bí ti Gbági Tuntun, ta ló mọ ẹni tó ni kẹ̀kẹ́? Bí olè bá gùn ún, wọ́n á rò pé tirẹ̀ ni. Ohun tó dára jù ni ojú ẹnì kan tó mọ̀ yín: ìyá olóúnjẹ, fọkanáísà, tàbí télọ̀ tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ kí i, ẹ fi kẹ̀kẹ́ hàn án, ẹ sì sọ iye àkókò tí ẹ máa lò. Bí ẹ bá fẹ́ jẹun, ẹ jókòó síbi tí ojú yín ti lè tó o. Bí ẹ bá lè gbé e wọ àgbàlá oníbàárà yín, ẹ tọrọ ààyè. Ẹ má fi àpò owó sínú àpótí ọjà, bó ti wù kí ẹ yára tó.

Ohun tí a fi ń tì í

Kọ́kọ́rọ́ tó wà lára táyà ẹ̀yìn kò ju pé kó má jẹ́ kí táyà yí. Ẹni tó bá lágbára lè gbé kẹ̀kẹ́ náà léjìká tàbí kó jù ú sínú ọkọ̀. Okùn wáyà tín-ín-rín kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ lọ́wọ́ ẹni tó ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń gé irin. Ṣéènì irin líle pẹ̀lú àgádágodo tó nípọn, tàbí irin títì tó tẹ̀ bí irin tí a ń kàn mọ́ pátákò ẹṣin, ló ṣe é gbójú lé. Orúkọ ńlá nìkan kò sì tó. Ní ọdún 2004, wọ́n rí i ní Amẹ́ríkà pé ike gègé Bic lè ṣí àwọn kan nínú àgádágodo Kryptonite tí kọ́kọ́rọ́ wọn rí roboto. Ilé iṣẹ́ náà ní láti pààrọ̀ wọn fún àwọn oníbàárà.

Bí a ṣe so ó tún ṣe pàtàkì. Bó bá jẹ́ táyà iwájú nìkan lẹ tì, olè á tú nọ́ọ̀tì rẹ̀, á fi táyà náà sílẹ̀ fún yín, á sì gbé ìyókù lọ. Ẹ jẹ́ kí ṣéènì gba inú táyà ẹ̀yìn àti férémù kọjá, kí ẹ tó so ó mọ́ ohun tí kò ṣe é fà tu: irin ojú fèrèsé tàbí igi ńlá. Òpó kúkúrú tí a lè gbé kẹ̀kẹ́ gba orí rẹ̀ kò wúlò. Ẹ má jẹ́ kí àgádágodo kan ilẹ̀, nítorí olè lè fi ilẹ̀ ṣe owú kó sì fi òòlù lù ú. Ẹ má jẹ́ kí ṣéènì dẹ̀, kí ààyè má baà sí fún irin tí wọ́n máa fi já a. Bí ẹ bá jẹ́ méjì tí ẹ jọ ń lọ, tí kò sí òpó, ẹ so kẹ̀kẹ́ méjèèjì pọ̀.

Ìwé pẹ̀lú nọ́ńbà

Nọ́ńbà wà lára férémù ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́, pàápàá lábẹ́ ibi tí pẹ́dàlì ti ń yí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ àti ti kẹ̀kẹ́, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì. Àfikún kẹrin Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999 fi ìwé àṣẹ kẹ̀kẹ́ sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, pẹ̀lú ti ọkọ̀ ojú omi àti bárò. Ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dá ni ti Adégbáyì. Ẹ béèrè níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá kẹ̀kẹ́ olówó pọ́ọ́kú, ẹ ṣọ́ra. Lábẹ́ òfin ìwà ọ̀daràn ilẹ̀ wa, abala 390, olè jíjà lásán lè gbé ènìyàn sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta. Ṣùgbọ́n abala 427 sọ pé ẹni tó gba ẹrù tó mọ̀ pé jíjí ni lè lọ ọdún 14. Ẹ má ra kẹ̀kẹ́ tí kò ní rìsíìtì lọ́wọ́ ẹni tí ẹ kò mọ ilé rẹ̀.

Bó bá sì ṣẹlẹ̀ pé wọ́n gbé e lọ, ẹ mú nọ́ńbà àti fọ́tò lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ sọ fún àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe àti àwọn tó ń ta àlòkù, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni irú rẹ̀ máa ń gbà kọjá. Bí ọwọ́ bá tẹ olè, ẹ fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi táyà bọ̀ ọ́ lọ́rùn. Kẹ̀kẹ́ ṣe é rà padà. Ẹ̀mí kò ṣe é rà.

Kí ẹ tó kúrò nílé lọ́la, ẹ yẹ kẹ̀kẹ́ yín wò: ṣé ṣéènì wà, ṣé àgádágodo ń ṣiṣẹ́, ṣé ẹ ti kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀? Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.